Kọ̀ǹpútà Kọ́ Ló Sọ Wá Lórúkọ

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ní ìlú òyìnbó tí a wà yìí, kọ̀ǹpútà ni àwọn mìíràn nínú wa ń wò. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló dé tí Ṣadé fi di Sade, tí Ọlá fi di Ola, èsì kan náà ni wọn yóò fọ̀: “Kọ̀ǹpútà ò gbà á.” Àwa kò fara mọ́ èsì yìí, ẹ sì jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá ni a ń pe kọ̀ǹpútà. Ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ríran, nítorí gbígbé ọmọ adìyẹ ni iṣẹ́ àṣá. Ẹ tẹ Túndé sínú fóònù. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó lè ti di “tundra”, ilẹ̀ yìnyín tí igi kì í hù sí. Ó lè sọ Ṣadé di “shade”, kí ọmọ tó fi ọlá ṣe adé wá di òjìji abẹ́ igi. Orúkọ tí kò bá sì rí yí padà, á fa ìlà pupa sí i nídìí, bí tíṣà tó ń máàkì ìwé olódo.

Ọ̀rọ̀ náà pa ni lẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí àǹtí yín bá kọ ọ́ ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé “Oko mi ti baje”, láìsí àmì kankan. Ṣé ọkọ rẹ̀ ló bàjẹ́ ni, tàbí ọkọ̀ rẹ̀, tàbí ọkọ́ tó fi ń roko, àbí oko náà gan-an? Ṣé àwọn àgbà ẹbí ni kí a pè ni, àbí mẹkáníìkì?

Òótọ́ ni pé nígbà kan, ẹ̀rọ kò mọ̀ ju lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lọ. ASCII, ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1963, kò ní àyè fún ẹ, ọ àti ṣ. Ṣùgbọ́n láti 1993 ni lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà káàkiri àgbáyé ń lò. Àwọn ará Vietnam pàápàá ń kọ ẹ àti ọ, lẹ́tà kan náà sì ni ẹ̀rọ ń lò fún wọn àti fún wa. Google Translate ti ń túmọ̀ Yorùbá láti 2013. Nítorí náà, bí fọ́ọ̀mù kan bá sọ pé orúkọ yín “kò tọ̀nà”, kọ̀ǹpútà kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn kan ló jókòó kọ òfin náà sínú rẹ̀, ènìyàn ló sì lè yí i padà bí a bá kọ̀wé sí i.

Àwọn kan á ní, “Ìwé ìrìnnà ńkọ́?” Lóòótọ́, àwọn ìlà ìsàlẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kà nínú ìwé ìrìnnà kò gba lẹ́tà mìíràn ju A dé Z lọ. Ti gbogbo ayé nìyẹn. François náà á bọ́ ìrù rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. A ò bá ìyẹn jà. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí a gbé àṣà ẹnubodè wọlé, kí a fi kọ káàdì ìkómọ, kí a fi kọ ojú kéèkì ọjọ́ ìbí, kí a tún fi kọ òkúta orí sàréè àwọn òbí wa?

Ní 1875, nígbà tí àwọn àgbà pàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, gègé àti tàdáwà ni wọ́n ní, síbẹ̀ wọn kò gbàgbé àmì abẹ́ lẹ́tà. Àwa tí a ní ẹ̀rọ lápò la wá ń ṣàwáwí!

Ẹ fi bọ́ọ̀dù ìtẹ̀wé Yorùbá sórí fóònù yín lónìí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi orúkọ àwọn ọmọ yín kún àwọn ọ̀rọ̀ tí fóònù mọ̀, kí ìlà pupa lè sinmi. Ẹ kọ orúkọ náà ní pípé fún tíṣà wọn, kí ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ náà láti kọ ọ́. Bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní àkúfọ́, wọn a fi kólẹ̀. Bí àwa òbí bá ń kọ orúkọ ọmọ wa lábùkù, kí a má retí pé àṣá ni yóò bá wa tún un ṣe.