Ọkọ̀ àtijọ́ kọ́ ni ìtìjú, ọ̀nà wa ni

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé nílùú ọba fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Àwọn ọkọ̀ tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ló tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n ń ti London lọ sí Brighton. Bàbá arúgbó kan ló ń wa ọ̀kan, ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, wọ́n ń juwọ́ sáwọn èèyàn ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ mi wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ṣebí ọkọ̀ àtijọ́ pọ̀ ní Ìjòkó, kí ló dé tẹ́yin náà ò ṣe irú èyí?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mi ò rí ẹ̀rín rín mọ́.

Ọjọ́ 14, oṣù Kọkànlá, ọdún 1896 ni wọ́n kọ́kọ́ rin ìrìn yẹn. Kì í ṣe fàájì lásán, òfin tuntun ni wọ́n ń ṣàjọyọ̀ rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, mọ́tò ò gbọdọ̀ sáré ju máìlì mẹ́rin lọ ní wákàtí kan, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa fẹsẹ̀ rìn níwájú rẹ̀. Òfin tuntun gbé e dé máìlì 14, làwọn ọlọ́kọ̀ bá gbéra. Títí dòní, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1905 ló ń bá wọn rìn ín. Èmi tí mo kàwé òfin, ibi tó wù mí jù nínú ìtàn náà nìyẹn: òfin ṣílẹ̀kùn, aráàlú sì gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ má sì rò pé àwa ò sí níbẹ̀. Ọdún 1896 yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó. Nígbà tó fi máa di 1901, ó ti dé Ìbàdàn. Ojú irin yẹn ló gba Ìjòkó wa yìí kọjá. Ní 1975, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ìjàpá pọ̀ l'Ékòó, Pijó náà bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní Kàdúná. Ta ni kò ní bàbá tàbí bùrọ̀dá tó wa ọ̀kan nínú wọn rí?

Bàbá mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa ṣì ní Pijó 504 tirẹ̀. Gbogbo Sátidé ló ń fọ̀ ọ́, tó ń tan án. Mo fi fídíò yẹn hàn án, mo ní, "Bàbá, ìgbà wo lẹ máa gbé wa lọ s'Ábẹ́òkúta?" Wọ́n ní, "Lọ́yà, ẹ́ńjìnnì yìí á gbé wa dé Abẹ́òkúta lónìí. Ọ̀nà ni kò ní jẹ́ ká dé Sángo."

Ẹ wo ìrìn tó yẹ kó dùn: Sángo, Ifọ̀, Papalantó, Ewékorò, Ìtórí, kéèyàn wá gúnlẹ̀ sábẹ́ Òkè Olúmọ. Àmọ́ ẹni tó ń gbé níbí mọ̀ pé bí òjò bá ti rọ̀, àtidé Sángo gan-an ti di iṣẹ́. Omi ò rí gọ́tà gbà, ó jókòó sójú ọ̀nà, ó jẹ ọ̀dà. Tírélà tó ń kó ẹrù iléeṣẹ́ wá tẹ ibi tó ti rọ̀, kòtò dé.

Tá a bá pariwo, wọ́n á ní èyí jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ìyẹn jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Lóòótọ́, ìwé òfin 1999 pín ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin yẹn kan náà, ní abala 41, sọ pé ọmọ Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn fàlàlà káàkiri ilẹ̀ yìí. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ sí kóòtù o. Abala yẹn ò pàṣẹ pé kí wọ́n da ọ̀dà. Àmọ́ ẹ̀tọ́ wo ló kù lọ́wọ́ ẹni tí kòtò sé mọ́lé? Táyà ò sì mọ kòtò ìpínlẹ̀ yàtọ̀ sí ti Àbújá.

Ẹlòmíì á ní, ebi ń pa wá, lọ́yà ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ fàájì. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí bàbá arúgbó lè wa ọkọ̀ àtijọ́ gbà láìfòyà, ọ̀nà yẹn náà ni aboyún máa gbà dé ọsibítù kí ilẹ̀ tó mọ́. Òun náà ni òṣìṣẹ́ máa gbà débi iṣẹ́ lásìkò, òun náà ni tòmátì máa gbà dé ọjà kó tó jẹrà.

Ohun tá a ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Ẹ ṣe gọ́tà kẹ́ ẹ tó da ọ̀dà. Ẹ máa wọn ẹrù tírélà. Kí ìjọba méjèèjì fẹnu kò lórí ẹni tó máa ṣe èwo, kí wọ́n sì sọ ọjọ́ tó máa parí fún wa.

Bàbá ṣì ń fọ 504 wọn. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá dáa, ọ̀fadà la máa lọ jẹ l'Ábẹ́òkúta. Mo ti sọ fún wọn pé èmi ni mo máa jókòó níwájú.