Ẹ Gba Àwọn Ọmọ Yunifásítì Láyè



Àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì Abomey-Calavi àti ti Parakou, púpọ̀ nínú wọn ló ń ṣe ìwádìí, tí wọ́n á kọ mémoire kí wọ́n tó gba licence. Tí òyìnbó bá gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dé, àga la máa ń gbé fún un. Tí ọmọ tiwa bá dé ńkọ́? "Ọmọdé lèyí, kí ló fẹ́ fi ìtàn ṣe?" Kò dáa bẹ́ẹ̀.

Ní 1886 ni ogun Dàhòmì fọ́ Kétu. Gbogbo ojú tó rí i ti lọ. Lára ohun tó kù lọ́wọ́ wa ni èyí tí Fadá Thomas Moulero kọ nípa ogun náà, ọmọ Kétu tó di àlùfáà ní 1928. Ó kọ ìtàn Ṣábẹ náà. Àwọn àgbà tó gbọ́ bí a ṣe tún ìlú tò lẹ́yìn ogun, mélòó ló ṣẹ́kù?

Ohun tí à ń tọrọ ni pé kí ààfin kọ̀ọ̀kan yan olóyè kan tí yóò máa gbà wọ́n. Ohun tó bá jẹ́ awo, ẹ fi sílẹ̀ láwo; ọmọ gidi ò ní bínú.

Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ má gba ọ̀rọ̀ tán kẹ́ ẹ sá lọ o. Faransé lẹ fi ń kọ ìwé yín. Ẹ mú ẹ̀dà kan wá sí ààfin, kẹ́ ẹ sì fi èdè wa sọ ọ́ fún àwọn tó fún yín lọ́rọ̀, kí wọ́n lè tún ibi tó wọ́ ṣe.

Ìsinmi ńlá ń bọ̀. Olóyè tó bá ti ṣe tán, kó fi orúkọ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí wọ́n tó dé.