Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Èrò Wa Lórí Linear Programming

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí òwe yìí bá yé ti mọ ìbẹ̀rẹ̀ linear programming. Síbẹ̀, bí a bá ti dárúkọ ẹ̀kọ́ náà nínú ẹgbẹ́ wa yìí, ojora a mú ọ̀pọ̀ wa. À ń kọ́ tábìlì simplex sórí láìmọ ohun tí à ń wá nínú rẹ̀. Bí olùkọ́ bá wá yí ìbéèrè padà díẹ̀, ìwé òfìfo là ń fi sílẹ̀. Èrò tiwa ni pé kì í ṣe ìṣirò náà ló le. Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kò dára.

Ẹ jẹ́ ká mú aránṣọ kan. Ó ní ọ̀pá aṣọ 40 àti wákàtí 33 fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Agbádá kan ń gba ọ̀pá 10 àti wákàtí 6. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦5,000. Dàńṣíkí kan ń gba ọ̀pá 2 àti wákàtí 3. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦2,000. Mélòó ni kó rán nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní agbádá ni, nítorí òun ló lérè jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó wò. Aṣọ rẹ̀ kò lè ju agbádá 4 lọ: ₦20,000. Wákàtí 9 á ṣẹ́kù lásán. Bó bá rán dàńṣíkí nìkan, wákàtí rẹ̀ tó fún 11: ₦22,000, ọ̀pá aṣọ 18 á sì ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n bó bá rán agbádá 3 àti dàńṣíkí 5, aṣọ tán, wákàtí tán, èrè di ₦25,000.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí a mọ̀ kí a tó fọwọ́ kan tábìlì: ohun tí a fẹ́ pinnu, ìyẹn iye agbádá àti dàńṣíkí, ohun tí à ń lépa, ìyẹn èrè, àti ààlà tí a kò gbọ́dọ̀ kọjá, ìyẹn aṣọ àti wákàtí. Bí a bá fa àwọn ààlà náà sórí ìwé gíráàfù, inú àyè tí wọ́n sé mọ́ ni gbogbo ohun tó ṣeé ṣe wà, ọ̀kan nínú àwọn igun àyè náà ni a ó sì ti rí èrè tó pọ̀ jù. Bí ohun tí a fẹ́ pinnu bá pọ̀ ju ohun tí gíráàfù lè gbà lọ, ìgbà náà ni simplex wúlò: ó ń rìn láti igun kan sí igun tó sàn jù ú lọ, títí kò fi ní rí èyí tó sàn mọ́.

Àwọn tó dá ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ pàápàá, ara iṣẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1939, bí ilé iṣẹ́ pílẹ́wúùdù kan ní Soviet Union yóò ṣe pín iṣẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ni Leonid Kantorovich ń rò. Ní 1947, ètò iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ni George Dantzig ń bá yí tó fi gbé simplex kalẹ̀.

Àwọn kan nínú wa á ní, ṣebí Gẹ̀ẹ́sì la ó fi dáhùn ìdánwò, kí la fẹ́ fi Yorùbá ṣe? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ aránṣọ yìí fún ìyá rẹ̀ nílé, kò tíì yé òun fúnra rẹ̀.

Lókè Ọya níbí, ìpàdé ẹgbẹ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ti ń rí Yorùbá sọ. Nítorí náà, à ń rọ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ pé kí a máa ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn ìpàdé kí ìdánwò tó dé. Kí oníkálukú mú ìṣòro kan wá láti inú òwò ilé wọn, kí a jọ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá kí a tó gbé e wọ tábìlì. Àkọ́sórí a máa fò lọ ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Ohun tó bá yéni ló ń báni délé.