Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Òfin

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Ìbà àti Okokomaiko, mo gbọ́ tí ẹ ń kùn pé ọmọ tí ẹ rán lọ kọ́ òfin ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ọ̀jọ́, tún lọ gba ipò akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹ fara balẹ̀ ná. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ òfin àgbáyé, iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀. Láti 1960 ni ìdíje Jessup ti bẹ̀rẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ a máa ro ẹjọ́ orílẹ̀-èdè méjì bí ẹni wà ní Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague, èyí tí Taslim Elias, ọmọ Èkó, ṣe ààrẹ rẹ̀ láti 1982 sí 1985. Ta ni yóò kọ lẹ́tà, tí yóò wá owó ọkọ̀, tí yóò parí ìjà àwọn lọ́yà kékeré wọ̀nyí? (Wọ́n lẹ́nu!) Akọ̀wé ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń fi ìpàdé sá fún ìwé, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀.