Tánkà epo tí wọ́n kọ "inflammable" sí lára, ṣé kì í jóná ni?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ òṣèlú sílẹ̀ díẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìjàgbò, tẹ́ ẹ máa ń rí àwọn tánkà epo tó ń sáré lọ sí Ọ̀fà, ṣé ẹ ti wo ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára rí? "Highly inflammable" ló máa ń wà lára ọ̀pọ̀ wọn, lẹ́tà gàdàgbà. Ẹ wá pe ọmọ yín tó wà nílé ìwé girama, ẹ ní kó túmọ̀ ẹ̀ fún yín. Ohun tí tíṣà kọ́ ọ ni pé tí "in" bá ti ṣáájú ọ̀rọ̀, "kò" tàbí "kì í" ni. "Incorrect", kò tọ̀nà. "Incomplete", kò pé. Bí ọmọ náà bá wá ní bẹntiróò inú ọkọ̀ yẹn kì í gbiná, ṣé ẹ máa bá a wí ni? Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló sọ.

Bẹ́ẹ̀, irọ́ ni o, irọ́ tó lè pààyàn. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé nǹkan inú ọkọ̀ náà máa ń tètè gbiná. Inú èdè Látìn, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni "in" ti wá, oríṣi méjì ló sì wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń sọ pé "kò rí bẹ́ẹ̀", èkejì ń sọ pé "sínú". Èyí tó wà lára tánkà, "sínú" ni: ká tiná bọ nǹkan. Ìbejì ni wọ́n, ojú wọn jọra, ìwà wọn ò jọra rárá.

Ẹgbẹ́ tó ń rí sí dídènà iná l'Amẹ́ríkà, NFPA, ti ń pariwo láti nǹkan bí ọdún 1920 sí 1929 pé kí wọ́n yọ "in" náà kúrò, kó ku "flammable" nìkan. Nígbà tó di 1959, British Standards Institution, àwọn tó ń ṣètò bí nǹkan ṣe gbọ́dọ̀ rí nílùú òyìnbó, náà ní "flammable" ni kí wọ́n máa lò. Tiwa ńkọ́? Ti àtijọ́ la ṣì ń gbé kiri títì.

Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ kan ló pa àwọn èèyàn tó ju 150 lọ ní Majiya, ìpínlẹ̀ Jigawa, lóṣù Kẹwàá ọdún 2024, tàbí àwọn tó ju 80 lọ tó jóná ní Dikko, ìpínlẹ̀ Niger, lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025. Ìṣẹ́ àti ọ̀wọ́n epo ló gbé jẹ́ríkàn lé ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí ìkìlọ̀ tó wà lára ọkọ̀ bá jẹ́ èyí tí ọmọ ilé ìwé máa kà sódì, kí ni ìwúlò ẹ̀? Kí wọ́n kọ "Epo yìí máa ń gbiná, ẹ sá!" síbẹ̀, lédè Yorùbá àti Haúsá, ó tán.

Àwọn òyìnbó pàápàá, "kò" máa ń wà lẹ́nu wọn tí wọn ò ní mọ̀. "Nice" tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn, "nescius" ni lédè Látìn, aláìmọ̀kan nìtumọ̀ ẹ̀. Nígbà tó wọ èdè òyìnbó ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, òmùgọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló fi di ẹni dáadáa. Ẹ̀yin ọmọge, ẹ rántí o, lọ́jọ́ tí bọ̀bọ́ kan bá tún sọ pé ẹ "nice". "Enemy" náà, "ẹni tí kì í ṣe ọ̀rẹ́" ni. "Disappoint" tó di jíjáni kulẹ̀ lónìí, yíyọ èèyàn nípò tí wọ́n fi í sí ni tẹ́lẹ̀. Ó yẹ káwọn olóṣèlú wa mọ èyí dáadáa.

Àwa náà ti dá tiwa sí i. Ní June 23, 1993, tí ìjọba Babangida wọ́gi lé ìbò June 12, àwọn èèyàn ń pariwo pé kí wọ́n "de-annul" ẹ̀. "Annul" ti ní "kò sí" nínú tẹ́lẹ̀, wọ́n tún wá gbé "de" gùn ún lẹ́yìn! Yorùbá tí ò gbọ́ gírámà kàn ní kí wọ́n gbé ipò Abíọ́lá fún un ni.

Yorùbá náà ní "àì" tiẹ̀ ṣá. Ta ló ń rántí pé "kò sàn" ló wà nínú "àìsàn"? "Àìmọye", ohun téèyàn ò mọ iye ẹ̀, ti di "púpọ̀" lásán. Ṣùgbọ́n "àì" kì í ṣe ìbejì bíi "in". Ká ní ẹnì kan kọ "epo àìgbiná" sára tánkà tó ń gba Ìjàgbò kọjá, ìyá arúgbó tí ò wọ ilé ìwé rí, tí wọ́n bá kà á sí i létí, máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa.