Ìka Tó Ṣẹ̀ Lọba Ń Gé: Ìwé Ìtọ́jú Eyín Àwọn Atukọ̀ ní Èbúté Lomé

Àwọn àgbà ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ eyín rí: èyí tó bá bàjẹ́ ni dókítà ń yọ. Ṣùgbọ́n kí dókítà tó lè yọ èyí tó yẹ, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Bí aláìsàn bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní ìlú mìíràn, ìwé tí dókítà àkọ́kọ́ kọ ni yóò kọ́kọ́ là á yé dókítà kejì. Bí wọ́n bá ṣi ìwé náà kà, eyín tí kò ṣẹ̀ ni yóò jìyà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Port autonome de Lomé gidigidi. Ọdún 1968 ni wọ́n ṣí èbúté náà. Omi rẹ̀ jìn ju mítà 16 lọ, ìdí sì nìyí tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá fi ń gúnlẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n ń já ẹrù tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké yóò tún kó lọ sí èbúté mìíràn. Ẹrù Burkina Faso, Niger àti Mali náà ń gba ibẹ̀ kọjá. Inú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni àwọn atukọ̀ wà, wọ́n ti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wá, wọ́n sì ń lo oṣù púpọ̀ lórí òkun. Eyín kì í dúró de ọjọ́ tí ènìyàn yóò padà sílé kó tó máa dun ni.

Ohun tí àdéhùn àgbáyé sọ

Ní ọdún 2006, OIT, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe àdéhùn kan lórí iṣẹ́ àwọn atukọ̀. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, Tógò sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i. Ó fún atukọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti lọ rí dókítà tàbí oníṣègùn eyín láìfi falẹ̀ ní èbúté tí ọkọ̀ rẹ̀ bá gúnlẹ̀ sí, níbi tó bá ti ṣeé ṣe.

Àdéhùn náà kò gbàgbé ìwé. Ó ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe fọ́ọ̀mù kan tí ọ̀gá ọkọ̀, àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nínú ọkọ̀ àti àwọn dókítà orí ilẹ̀ yóò jọ máa lò. Ohun tí wọ́n bá kọ sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ àṣírí, ìtọ́jú atukọ̀ nìkan ni wọ́n sì lè lò ó fún. Òfin ti sọ tirẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ kù sí ni orí tábìlì dókítà, níbi tí ìwé tó ti òkèèrè wá ti ń wọ inú kọ̀ǹpútà.

Nọ́ńbà kọ̀ǹténà àti nọ́ńbà eyín

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìwé ẹrù. Gbogbo kọ̀ǹténà tó bá wọ Lomé ló ní lẹ́tà mẹ́rin àti nọ́ńbà méje lára. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo ayé fi ń kọ ọ́. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn wà fún àyẹ̀wò: ìṣirò ni wọ́n fi ń rí i láti ara àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Bí akọ̀wé bá ṣi nọ́ńbà kan kọ, ìṣirò náà kì í sábà bá ara mu mọ́, kọ̀ǹpútà yóò sì fi àṣìṣe náà hàn. Láti ọdún 2014 ni èbúté náà sì ti ní guichet unique, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìwé ẹrù wọn.

Eyín kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà tí ẹnu rẹ̀ pé ní eyín 32, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà wọ́n ju ẹyọ kan lọ.

Ọ̀nà kìíní ni ti FDI, àjọ àgbáyé àwọn oníṣègùn eyín. Òun ni wọ́n ń lò ní àwọn ilẹ̀ tó ń sọ Faransé. Wọ́n pín ẹnu sí ọ̀nà mẹ́rin: òkè lápá ọ̀tún jẹ́ 1, òkè lápá òsì jẹ́ 2, ìsàlẹ̀ lápá òsì jẹ́ 3, ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún jẹ́ 4. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń ka eyín láti iwájú lọ sẹ́yìn, láti 1 dé 8. Nítorí náà, eyín 37 ni eyín keje ní ìsàlẹ̀ lápá òsì.

Ọ̀nà kejì ni ti Amẹ́ríkà. Wọ́n ń kà láti 1 dé 32 láìpín ẹnu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn òkè lápá ọ̀tún, wọ́n yí lọ sí apá òsì, wọ́n sì gba ìsàlẹ̀ padà sí apá ọ̀tún.

Ọ̀nà kẹta, tí wọ́n ṣì ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń fi àmì igun kan ti nọ́ńbà láti fi apá ẹnu hàn. Àmì yìí ṣòro láti tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Bí ó bá sọnù, nọ́ńbà 8 nìkan ni yóò kù, bẹ́ẹ̀ eyín mẹ́rin ló ń jẹ́ 8 nínú ẹnu.

Kí á wá gbà pé atukọ̀ kan ti rí dókítà ní Houston, tí ìwé rẹ̀ sọ pé eyín 18 ni kí wọ́n yọ. Ní ti Amẹ́ríkà, eyín keje ní ìsàlẹ̀ lápá òsì ni 18. Dókítà tó kọ́ ti FDI yóò ka 18 sí eyín tó gbẹ̀yìn ní òkè lápá ọ̀tún. Nọ́ńbà kan náà ni, òdìkejì ẹnu ni. Bí ọjọ́ náà ṣe wà nínú ìwé tún lè tan ni jẹ: 03/04 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ní Lomé, ó sì jẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ní Houston.

Bí ìwé ṣe ń wọ kọ̀ǹpútà

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìwé àlejò sábà máa ń gbà wọlé. Ó lè jẹ́ àwòrán ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn tí wọ́n dà pọ̀ sójú kan. Ó sì lè jẹ́ fáìlì tí ètò kọ̀ǹpútà kan fi ránṣẹ́ sí òmíràn, tí ohun kọ̀ọ̀kan wà ní àyè tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ló dára jù, àmọ́ ètò méjì tí kò gbọ́ èdè ara wọn kò lè ṣe é.

Ewu tó wà nínú méjì àkọ́kọ́ ni pé kọ̀ǹpútà kò lóye ohun tó gbé pamọ́. Bí ìwé bá sọ pé ara aláìsàn kì í gba pẹnisílíìnì, tí ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú àwòrán nìkan, kọ̀ǹpútà kò ní kìlọ̀ nígbà tí dókítà bá fẹ́ kọ oògùn náà. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ kà á, kó sì tún un kọ sí àyè tí ìkìlọ̀ wà.

Iṣẹ́ akọ̀wé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Kó yẹ orúkọ àti ọjọ́ ìbí wò, kó má bàa ṣí fáìlì méjì fún ẹnìkan, tàbí kó da ìwé ẹni méjì pọ̀. Kó kọ ibi tí ìwé ti wá àti ọjọ́ tó dé, kí ọ̀rọ̀ dókítà àlejò má bàa dà bí ọ̀rọ̀ dókítà ilé. Kó tọ́jú ìwé àkọ́kọ́ bó ṣe wà, láìpa ohunkóhun rẹ́. Kó gbé àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti oògùn tí ara kọ̀ sí òkè fáìlì. Bí dókítà bá yí nọ́ńbà eyín padà sí ti FDI, kó fi nọ́ńbà àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, kí dókítà wo ẹnu aláìsàn fúnra rẹ̀, kó sì ya àwòrán eyín tuntun bí iyèméjì bá wà.

Bójú bá rí, ẹnu a dákẹ́

Ìṣòro kejì ni àṣírí. Atukọ̀ kì í nìkan lọ sọ́dọ̀ dókítà. Aṣojú ọkọ̀ ló sábà máa ń ṣètò rẹ̀, olówó ọkọ̀ ló sì máa ń san owó. Àwọn méjèèjì nílò láti mọ iye owó, àti bóyá atukọ̀ lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọn kò nílò láti mọ gbogbo àìsàn tó wà nínú ìwé rẹ̀. Bí aṣojú bá fi fóònù ya ìwé náà, tó sì fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá, ta ni yóò kó o padà? Atukọ̀ tí ẹ̀rù ń bà pé àìsàn rẹ̀ lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún dókítà, ìwé náà yóò sì di irọ́.

Òfin Tógò ti ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2019 dáàbò bo ìròyìn nípa ara ẹni, ó sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ èyí tó gba ìṣọ́ra pàtàkì. Ààbò bẹ̀rẹ̀ láti ibi kékeré: kí olúkúlùkù ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kí ìwé tó ń padà sínú ọkọ̀ wà nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, kí atukọ̀ fúnra rẹ̀ sì gba ẹ̀dà kan.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí sórí òkun. Awakọ̀ tó ń gbé ẹrù láti Lomé lọ sí Ouagadougou lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú eyín ní ìlú kan, kó parí rẹ̀ ní òmíràn. Láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni ètò ìbánigbófò ìlera fún gbogbo ènìyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ ní Tógò, àwọn tó ń gbé ìwé láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn yóò máa pọ̀ sí i.

Ẹni tó mọ̀wé kà, kódà díẹ̀, lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Kó ka orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ lórí ìwé náà. Kó wo bóyá oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀ wà níbẹ̀. Kó ní kí dókítà fi ìka kan eyín tó fẹ́ yọ, kí ọ̀rọ̀ ẹnu àti ọ̀rọ̀ ìwé bá ara mu. Eyín àgbàlagbà tí a bá ti yọ kì í tún hù mọ́.