Ẹ Má Yọ Ònkà Kúrò Nínú Ẹ̀rọ



Ní ilé iṣẹ́ kan ní Alimọ́ṣọ́ yìí, ẹ̀rọ tí ń rọ omi sínú ìgò ń dákú dájí. Máníjà ní oorun ni àwọn mẹ́rin tó dúró tì í ń sùn. Ó gé owó wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọkùnrin oníṣẹ́ iná kan tó tú u wò. MAC, ìyẹn apá ẹ̀rọ tí ń darí ọ̀rọ̀ lórí wáyà Ethernet, ni wọ́n tò lódì.

Láyé àtijọ́ Ethernet, tí Robert Metcalfe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1973, ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀rọ ń pín lò. MAC á kọ́kọ́ tẹ́tí. Bí ọ̀nà bá dá, á wọlé. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá kọlu ara wọn, á dúró díẹ̀, á tún gbìyànjú. Bí ó bá di ìgbà 16 tí kò ṣeé ṣe, á pa á tì. Ti òde òní ní ọ̀nà tirẹ̀ fún àlọ, ti àbọ̀ sì yàtọ̀, kò dúró de ẹnikẹ́ni. MAC kan náà ni a lè tò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wọ́n to ẹ̀rọ tuntun sí ti òde òní, wọ́n fi ti àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀yin awakọ̀ Ìkòtún, ẹ wo dánfó tó sọ ọ̀nà tóóró di títì ńlá, tí ẹnìkejì rẹ̀ sì ń fi ẹ̀yìn rìn ṣáá!

Lónìí, àwọn amọ̀ṣẹ́ ń kọ MAC sínú FPGA, ṣíìpù tí a lè nù kí a tún un kọ bíi síléètì. Ẹni tó ń kọ ọ́ ló ń yan bí yóò ti yára tó, 10, 100 tàbí 1000 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun náà ló ń yan bóyá kí ònkà wà níbẹ̀, èyí tí ń ka iye ìkọlù àti iye ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́ lọ́nà. Ònkà ń gba àyè nínú ṣíìpù, nítorí náà àwọn kan ń yọ ọ́.

Àwa kò fara mọ́ ọn. Bí ònkà bá wà níbẹ̀ ni, ìkọlù ì bá ti hàn ní apá kan, ọ̀rọ̀ bíbàjẹ́ ní apá kejì, kò sì sí ẹni tí ì bá dárúkọ oorun. Nínú àdéhùn lórí ẹ̀rọ tuntun, ẹ jẹ́ kí á kọ ọ́ pé ònkà gbọ́dọ̀ wà, kí aṣojú òṣìṣẹ́ lè kà á, kí wọ́n má sì gé kọ́bọ̀ kí a tó kà á.

Owó àwọn mẹ́rin náà kò tíì padà títí di bí a ti ń kọ èyí.